Bí Ìlú Ṣe Lè Para Pọ̀ Kan Ọkọ̀ Ìgbòkun Akẹ́rù fún Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta

Ọkọ̀ tí a ń sọ níhìn-ín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 lókè, gígùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8 lẹ́nu, 6 nísàlẹ̀, ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ẹ bá kàn án bó ṣe yẹ, yóò gbé tọ́ọ̀nù 5, ìyẹn 100 àpò símẹ́ńtì, kò sì ní rì ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sínú omi. Ìdí tí a fi yàn án báyìí ni pé Odò Ògùn kì í jìn níbi gbogbo. Iyanrìn ń ṣí kúrò níbi tó wà lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ tó bá sì ní ìsàlẹ̀ ṣóńṣó yóò máa kọ́ iyanrìn káàkiri.

Kí ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ojú omi ni òwú àti epo Ẹ̀gbá ń gbà lọ sí Èkó, Arò ní Abẹ́òkúta sì ni èbúté. Láàárín ìlú, àpáta pọ̀ nínú odò, nítorí náà ibi tí odò ti ṣàn kọjá àwọn àpáta yẹn ni kí ẹ ti kan ọkọ̀ yín. Ní oṣù Kejì ọdún, nígbà tí omi bá fà, ẹ fẹsẹ̀ rin etí odò láti ibi tí ẹ fẹ́ kàn án sí lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo àpáta àti kùkùté igi tí ẹ bá rí. Bí omi bá kún tán, ẹ kò ní rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò níbẹ̀.

Odò ló ń dá ọjọ́

Iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá kùnà níhìn-ín, ọjọ́ ló sábà máa ń ba tirẹ̀ jẹ́, kì í ṣe owó. Ẹ ka oṣù sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò bọ́ sómi. Omi Odò Ògùn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí òjò bá ti múlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ó sì máa ń kún jù ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Ìparí oṣù Kẹfà sí ìdajì oṣù Keje ni kí ẹ sún ọkọ̀ sómi: omi ti tó gbé e, agbára rẹ̀ kò sì tíì pọ̀ jù. Nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ẹ óò rí àyè dán an wò. Ẹni tó bá sún ọkọ̀ tuntun sómi ní oṣù Kẹsàn-án ti fi í lé odò lọ́wọ́.

Ohun mìíràn wà tí àwọn baba wa kò ní. Láti 1983 ni ìsédò Ọ̀yán ti wà lókè odò, bí wọ́n bá sì ṣí i, omi máa ń ga láìsí òjò kankan ní Abẹ́òkúta. Àjọ Ogun-Oshun River Basin Development Authority ló ń bójú tó o. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jù pé kó máa béèrè ìgbà tí wọn yóò ṣí omi, kó sì máa kéde rẹ̀ létí iṣẹ́. Níbi tí omi ga dé nígbà tó kún jù rí, tí àwọn ará àdúgbò lè fi hàn yín lára ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gòkè ju ibẹ̀ lọ kí ẹ tó tẹ́ ibi iṣẹ́.

Nítorí náà, oṣù Kẹwàá ni ìpàdé àti ìdáwó. Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ni gígé igi. Oṣù Kejìlá sí Kẹta ni gbígbẹ pákó. Oṣù Kẹta sí Kẹfà ni kíkàn. Bí pákó kò bá gbẹ títí oṣù Kẹta fi parí, ẹ sún gbogbo rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn, àmọ́ ọdún kan sàn ju ọkọ̀ tí ẹ óò máa gbọ́n omi inú rẹ̀ títí ayé.

Ọ̀wẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin

Ìlú kan lè rò pé bí ènìyàn bá ti pọ̀, ọkọ̀ yóò yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló ń kan ọkọ̀: olórí káfíńtà, káfíńtà méjì, ọmọ iṣẹ́ méjì, àti ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ tó sì ń kọ̀wé. Ẹ san owó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀wẹ̀ ńlá wúlò: ọjọ́ tí ẹ óò kó pákó dé tí ẹ óò tò ó, ọjọ́ tí ẹ óò gbé egungun ìhà ró (àwọn igi tí a ń kan pákó mọ́), ọjọ́ tí ẹ óò yí ọkọ̀ padà (torí ojúdé ni ẹ óò ti kàn án), àti ọjọ́ tí ẹ óò sún un sómi. Fún ọjọ́ yíyí padà, ẹ pe 50 ènìyàn tó lágbára. Ọkọ̀ náà yóò ti tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Láfún àti ọbẹ̀ ewédú ni kí ẹ sè dè wọ́n, kó jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe ṣáájú.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbá ìṣó láìjẹ́ pé olórí káfíńtà ní kó gbá a. Ìṣó kan tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé lè la pákó lábẹ́ ọ̀dà, a kò sì ní mọ̀ àfi nígbà tí omi bá ń wọlé.

Ní ti owó, ẹ dá a bí ẹ ṣe ń dá àjọ, ẹ fi sí báǹkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí ẹ sì máa ka ìwé owó sókè ní gbogbo ìpàdé. Ẹ máa kọ ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ owó, torí ẹni tí kò ní owó lè fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe ìpín tirẹ̀. Kí ẹ tó gé igi kan ṣoṣo, ẹ ti fẹnu kò lórí mẹ́ta: ta ló ni ọkọ̀, ta ló ń pinnu ẹrù tí yóò kó, kí sì ni ìpín àtúnṣe. A gbà yín níyànjú pé kí ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹrù máa lọ sí àtúnṣe. Ẹ lọ bá àjọ NIWA pẹ̀lú, àwọn ló ń rí sí ọ̀nà omi àárín ilẹ̀ wa; kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó kan ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wà lórí omi.

Igi

Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ àti igi iwájú ọkọ̀. Ó wúwo, ó máa ń mú kí ẹnu ayùn kú, àmọ́ omi kì í tètè jẹ ẹ́. Apá tàbí ìrókò ni ẹ óò fi ṣe egungun ìhà. Ẹ fi ìrókò tàbí ọ̀gánwó ṣe pákó ẹ̀gbẹ́. Fún òpó ìgbòkun, ẹ wá igi tíìkì tó gùn tó sì tọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní oko igi ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ má fi arère tàbí àràbà kan ara ọkọ̀, wọ́n fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti rẹ́, wọn yóò sì jẹrà. (Ní Kòsítá Ríkà, ní etíkun Punta Morales, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi kan ọkọ̀ ìgbòkun akẹ́rù ńlá tí wọ́n sọ ní Ceiba. Àràbà ni Ceiba. Orúkọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.)

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí igbó kí ẹ tó gé igi. Tí ẹ bá ra pákó ní sọ̀míìlì, ẹ fojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń là á. Ẹ má gba pákó tí ara funfun abẹ́ èèpo bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò àti ìdíbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrókò mìíràn máa ń ní òkúta nínú, tó lè já eyín ayùn. Ẹ gbọ́ ohùn ayùn, bó bá yí padà, ẹ dúró. Eruku ìrókò tún máa ń yọ ihò imú àti àyà ènìyàn lẹ́nu. Kí gbogbo ẹni tó ń rẹ́ ẹ tàbí tó ń fá a bo imú.

Ẹ óò nílò pákó ẹsẹ̀ bàtà 12, fífẹ̀ íńṣì 8: 32 tó nípọn íńṣì 2 fún ìsàlẹ̀, 55 tó nípọn íńṣì kan àbọ̀ fún ẹ̀gbẹ́. Iye yìí ti ka èyí tí yóò bàjẹ́. Ẹ má ra èyí tó fẹ̀ ju íńṣì 8 lọ, torí pákó gbọọrọ máa ń tẹ̀ bí abọ́ bí omi bá wọ̀ ọ́, yóò sì fa ìṣó tu. Fún egungun ìhà, ẹ ra igi íńṣì 2 sí 4.

Lábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ to pákó sí. Ẹ gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ íńṣì kan la àárín wọn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì, igi kọ̀ọ̀kan kó bọ́ sórí ìkejì gẹ́lẹ́. Bí wọn kò bá bọ́ sórí ara wọn, pákó yóò wọ́. Ẹ fi ọ̀dà kun orí méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan kó má baà là. Ọyẹ́ yóò ṣe ìyókù. Láti mọ̀ bó ti gbẹ, ẹ gé ègé kékeré kan láti àárín pákó, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n olóúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ iye náà sórí rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ.

Kíkàn, ojú rẹ̀ nílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ya ọkọ̀ náà bó ṣe tó gẹ́lẹ́ sílẹ̀ gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹfun, lójú kan ṣoṣo. Egungun ìhà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ gé àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ara pláíwùdù kí ẹ tó gé igi gidi. Wákàtí mẹ́ta lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yóò gbà yín lọ́wọ́ igi apá tó gbówó lórí.

Egungun ìhà 17 ni, láti iwájú sí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín èkíní sí èkejì. Igi mẹ́ta ló wà nínú egungun kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n gun orí ara wọn ní igun, bóòtù méjì ní igun kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ bóòtù 68. Ẹ ra 100, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, pẹ̀lú wáṣà ńlá lábẹ́ nọ́ọ̀tù. Igi iwájú jẹ́ ọ̀pẹ̀pẹ̀ íńṣì 6 sí 6, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì jẹ́ pákó tó dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀.

Ojúdé ni kí ẹ kan ọkọ̀ yìí, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò lè gbá ìṣó lágbára, omi ọ̀dà yóò sì máa kán sí i lójú. Ẹ to egungun 17 sórí igi gígùn méjì tó tẹ́jú, ẹ na okùn kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àárín egungun kọ̀ọ̀kan bọ́ sábẹ́ okùn náà, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ilẹ̀ etí odò máa ń rì bí òjò bá rọ̀, bó bá sì rì lábẹ́ egungun kan, ọkọ̀ yóò lọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pákó ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ìsàlẹ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ so pákó méjì pọ̀ ní gígùn, ẹ má kàn án ní orí sí orí. Ẹ fá orí méjèèjì dà gẹ̀rẹ́ kí wọ́n lè gun ara wọn: íńṣì 12 fún ẹ̀gbẹ́, íńṣì 16 fún ìsàlẹ̀. Ìsopọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti pákó kejì ju egungun méjì lọ. Ọkọ̀ tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá to lórí ara wọn, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ìṣó íńṣì 4 fún ẹ̀gbẹ́, íńṣì 5 fún ìsàlẹ̀, méjì ní egungun kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ oní-síǹkì. Ẹ lu ihò fún ìṣó kọ̀ọ̀kan ṣáájú, kí ihò kéré díẹ̀ ju ìṣó lọ; ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti apá yóò là bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra 1,000 ìṣó.

Níwájú, níbi tí pákó ń tẹ̀, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ wé e, ẹ máa da omi gbígbóná lé e fún wákàtí kan, kí ẹ wá fi okùn àti kíláàmù fà á díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó kàn án.

Òwú àti ọ̀dà

Ibí yìí ni ọkọ̀ ti ń di ọkọ̀. Kí pákó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fara kan ara wọn nínú, kí ẹnu wọn sì ṣí díẹ̀ lóde, bí ọ̀bẹ ṣe lè wọ̀ ọ́. Inú ìlà yẹn ni ẹ óò ti òwú sí. Gígùn gbogbo ìlà ọkọ̀ yìí ju 700 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òwú kìlógíráàmù 7 sí 10 yóò sì tó o. Àwọn ìyá wa tó mọ òwú lọ́wọ́ ló yẹ kó ran án bí okùn tó nípọn bí ìka kékeré, láìfi ọwọ́ lọ́ ọ le. Òwú tó bá le kò ní wú nígbà tí omi bá dé bá a.

Ẹ fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá òwú wọlé, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, láti àárín ọkọ̀ lọ sí orí méjèèjì. Ohùn ló ń sọ ìwọ̀n: bó bá ṣì wọ̀, ohùn òòlù máa ń dún fẹlẹfẹlẹ, bó bá ti tó, ó máa ń dún gbọn-in bí ẹni lu igi. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá gbá a jù yóò fi òwú ta pákó kúrò lára egungun, ẹni tó bá gbá a díẹ̀ yóò rí òwú rẹ̀ tó ń léfòó lórí omi. Ènìyàn mẹ́jọ tí olórí káfíńtà ti kọ́ ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi ṣe ọ̀wẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi kóòtà tó gbóná kun gbogbo ìlà, ẹ sì kun ìsàlẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀mejì. Orí ẹyín iná ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe lórí iná tó ń jó, kí garawa iyanrìn méjì wà nítòsí. Bó bá gbiná, iyanrìn tàbí ọmọrí ìkòkò ni kí ẹ fi bò ó. Omi yóò tú u káàkiri lára ènìyàn. "Fi ọ̀dà kùn ún nínú àti lóde" ni wọ́n wí fún Nóà. Fún ọkọ̀ tiwa, òde nìkan ni kí ẹ kùn lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ lè rí ibi tí omi ti ń wọlé.

Ọjọ́ tí ẹ óò yí i padà, ẹ kó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò bọ́ lé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ, kí ìdajì ènìyàn dúró lẹ́yìn pẹ̀lú okùn láti fà á sẹ́yìn. Ìgbà tó bá ti kọjá àárín ló ń ṣubú fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti ń fara pa.

Òpó àti ìgbòkun

Òpó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 22, ó nípọn ní íńṣì 5 nísàlẹ̀, ó sì dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13 sí iwájú ọkọ̀. Ẹ gbé e sínú àpótí igi tó ní bóòtù kan ní ìdí, kó lè tẹ̀ sẹ́yìn, torí afárá wà lọ́nà, títí dé ti Lagos–Ibadan Expressway ní ìtòsí Ìṣẹrí. Ìgbòkun onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15, ló tó: kánfáàsì òwú tó fẹ̀ ní íńṣì 36, ọ̀pá 24. Ẹ má fi tapólì ṣe é. Òòrùn máa ń jẹ ẹ́, ojú ìrán rẹ̀ á sì ya lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le. Kí télọ̀ rán ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó sì rán okùn mọ́ etí rẹ̀ yíká. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ló ń na igun òkè rẹ̀. Ẹ rán ìlà okùn kéékèèké sí ẹsẹ̀ bàtà 5 láti ìsàlẹ̀, kí ẹ lè ká ìgbòkun kúrú bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù.

Láti Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà, omi ló ń gbé ọkọ̀, ẹ̀yin ń fi ọ̀pá tọ́ ọ. Ìgbòkun wúlò lórí ọ̀sà, àti nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ níbi tí odò bá fẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò láti ìhà òkun ń tì yín lẹ́yìn. Ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ kò lè kojú afẹ́fẹ́; bó bá ń fẹ́ sí yín lójú, ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ dúró. Bí ẹ bá rí ìkùukùu dúdú tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò, ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Sínú omi

Ẹ to igi róbótó mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀nà rẹ̀ má dà ju ẹsẹ̀ bàtà kan nínú 12 lọ, kí okùn méjì tó wé mọ́ igi ńlá dì í mú láti ẹ̀yìn. Àwọn àgbà àdúgbò yóò fẹ́ bá Yemọja sọ̀rọ̀, pásítọ̀ àti ààfáà yóò fẹ́ gbàdúrà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo wọn ní àárọ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò lórí igi.

Omi yóò wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ so ó mọ́ èbúté lófìfo fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ènìyàn méjì máa gbọ́n ọn tọ̀sán-tòru, pákó àti òwú yóò sì wú. Ibi tó bá ṣì ń jò ní ọjọ́ kẹrin ni àléébù gidi wà. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i láti inú, ẹ fà á jáde, ẹ tún òwú ibẹ̀ tì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àpò iyanrìn oní-kìlógíráàmù 50 dán an wò, 20 lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ní àpò 100, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló yẹ kó ṣẹ́kù lókè omi. Bí ó bá dín sí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ dín ẹrù kù. Níbi tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan yíká ọkọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ẹrù kankan kò gbọ́dọ̀ rì í kọjá ìlà yẹn, ẹnikẹ́ni tí ì báà ni ín. Bí ọkọ̀ bá ṣófo tí ẹ sì fẹ́ ta ìgbòkun, ẹ fi àpò iyanrìn 15 sí ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀ kó má baà dojú dé. Kí aṣọ ìléfòó pé iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Ní ọ̀sà, omi ní iyọ̀, kòkòrò tó ń lu igi sì ń gbé nínú rẹ̀. Kò lè gbé nínú omi odò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ sùn sí Èkó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá ti padà, kó wà lórí omi Ògùn fún oṣù kan kó tó tún lọ. Ní oṣù Kejì ọdọọdún, nígbà tí omi bá fà, ẹ wọ́ ọ gòkè, ẹ fi ọ̀bẹ gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ yọ pákó tí ọ̀bẹ bá wọ̀, kí ẹ sì fi kóòtà tuntun kùn ún kí òjò tó dé.